Ìbéèrè Tí Ẹnìkan Ò Bi Ata-wéwé

"Ìwọ, kí lò ń ṣe lẹ́yìn àwọn sìlíńdà afẹ́fẹ́ yẹn?"

Ata-wéwé yára fi áńkáṣíìfù nu imú níbi tó lúgọ sí lórí ọkọ̀ ojú omi. "Mò ń wo ẹja," ló dáhùn.

"Ẹja wo ló wà nínú áńkáṣíìfù?"

Ẹni tó ń bi í ni Jẹ́jẹ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti wọ ilé ẹ̀kọ́ girama. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn tàn yín jẹ o. Lóòótọ́ lọmọ náà ń rìn jẹ́jẹ́, tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kì í sùn. Orúkọ Ata-wéwé ní tiẹ̀ ò nílò àlàyé. Ó kéré, ó pupa, ó sì ń ta èèyàn lẹ́nu. Olùkọ́ ìṣirò wọn ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tó bá a jiyàn títí agogo fi lù.

"Ọ̀fìnkìn ti mú ẹ," Jẹ́jẹ́ wí.

"Ọ̀fìnkìn kọ́. Iyọ̀ inú òkun ló wọ̀ mí nímú."

"Iyọ̀ inú òkun ló ń mú kó o máa hanrun bíi ẹ̀rọ ìlọta? Yàrá kan náà la jọ sùn, jọ̀ọ́."

Ata-wéwé wẹ̀yìn, ó yọ ìgò òògùn kékeré kan nínú àpò, irú èyí tí wọ́n ń fín sí imú kó lè là. Ó fín in sí ihò ọ̀tún, ó fín in sí tòsì, ó fa imú kíkankíkan. "Ó ti là. Gbọ́, mò ń mí bí ẹṣin. Tó o bá fi lè sọ fún Àǹtí, èmi pẹ̀lú ẹ ti parí nìyẹn. Pátápátá."

Jẹ́jẹ́ káwọ́ gbera. Ó kàn ń wò ó.

Kí ẹ tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, ẹ gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́. Àbúrò ìyá Ata-wéwé ni Àǹtí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa kọ́ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe ń mòòkùn lọ sí ìsàlẹ̀ òkun, pẹ̀lú sìlíńdà afẹ́fẹ́ lẹ́yìn, kí wọ́n máa mí lábẹ́ omi bí ẹni tó jókòó sí pálọ̀ ilé baba rẹ̀. Ó ti ṣèlérí pé bí Ata-wéwé bá yege dáadáa, òun máa kọ́ ọmọ náà àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta nígbà ìsinmi gígùn. Ọmọ náà yege. Ló bá mú Jẹ́jẹ́. Ó mú Rédíò, ọmọkùnrin tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ bí iná tiẹ̀ lọ. Ó sì mú Gíga, ẹni tó jẹ́ pé bó bá ti dìde nínú ọkọ̀, òrùlé lorí rẹ̀ ń gbá.

Wọ́n ti kọ́ ọ nínú adágún ìlúwẹ̀ẹ́, wọ́n ti kọ́ ọ létí òkun níbi tí omi ò ti jìn. Òní ni ìdánwò ìkẹyìn. Wọ́n máa tọ okùn ìdákọ̀ró lọ sísàlẹ̀, níbi tí ọkọ̀ àtijọ́ kan rì sí, kí wọ́n yí i ká, kí wọ́n sì padà bọ̀. Ẹni tó bá ṣe é á gba káàdì tó fi hàn pé ó ti di amòòkùn. Ata-wéwé fẹ́ káàdì náà bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ, nítorí iṣẹ́ Àǹtí lòun náà fẹ́ ṣe láyé òun. Bó bá sì bọ́ lónìí, ó bọ́ nìyẹn. Àsìkò ìjì ti dé tán, ọkọ̀ ò ní jáde mọ́. Lọ́dún tó ń bọ̀, ìdánwò àṣejáde ni, ìyá rẹ̀ sì ti búra pé láàárín ọmọ òun àti ìwé, omi kankan ò ní ṣàn kọjá. Èyí tó tún wá burú jù ni pé ó ti fọ́nnu fún gbogbo kíláàsì kó tó kúrò nílé.

Ṣùgbọ́n òfin wà lórí ọkọ̀ Àǹtí. Ẹni tí ọ̀fìnkìn bá mú ò gbọdọ̀ wọ omi. Béèyàn bá ṣe ń lọ sísàlẹ̀ ni omi ń tẹ etí rẹ̀. Èèyàn á di imú mú, á fẹ́ atẹ́gùn sí i díẹ̀díẹ̀ títí etí á fi là. Bí ọ̀fìnkìn bá ti dí ọ̀nà, etí ò ní là, etí tí kò bá sì là lè bẹ́.

Òfin kejì ni Àǹtí fẹ́ràn jù. Lójoojúmọ́ ló ń tún un sọ. "Méjì méjì la ń lọ. Ẹnìkejì rẹ lo máa ń ṣọ́, òun náà á máa ṣọ́ ẹ. Ẹnikẹ́ni nínú yín ló lè sọ nígbàkígbà pé òun ò lọ mọ́. Bí ọ̀kan bá ní òun ń gòkè, méjèèjì ń gòkè. A ò ní bi í pé kí ló dé. Èmi ò ní bi í, ẹ̀yin náà ò gbọdọ̀ bi í. Ìtìjú ò mọ̀ ọ́n wẹ̀, ó máa ń fa olúwa rẹ̀ rì ni."

Àwọn ọkùnrin ló kọ́kọ́ lọ. Nígbà tí wọ́n fi máa padà, Rédíò ò tíì yọ rọ́bà tó fi ń mí kúrò lẹ́nu tán tó fi bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ gbọ́ o! Ẹja kan wò mí lójú kòrókòró! Ó wò mí bí ọlọ́pàá!"

"Ìwọ lo wò ó," Gíga wí. "Ẹja yẹn sá."

"Ọkọ̀ náà ńkọ́? Háà! Ó dùbúlẹ̀ gbalaja bí ẹni tó yó. Òkúta iyùn ti hù bo gbogbo ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ẹja ń gba ojú fèrèsé wọlé bí àlejò. Ata-wéwé, tó o bá débẹ̀, o ò ní fẹ́ bọ̀ mọ́!"

Ata-wéwé dìde. Ó gbé ẹ̀wù afẹ́fẹ́ tí sìlíńdà wà lẹ́yìn rẹ̀ wọ̀. Ó de bẹ́líìtì òjé tó máa ń jẹ́ kéèyàn wúwo lọ sísàlẹ̀ mọ́ ìdí. Jẹ́jẹ́ tó jẹ́ ẹnìkejì rẹ̀ ń fọwọ́ kan okùn àti ìdè tó wà lára ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò gbójú fo ọ̀kan.

"O ṣì lè sọ," ó wí í sí i létí.

"Ìwọ náà ṣì lè dákẹ́," Ata-wéwé dá a lóhùn.

Wọ́n wọ omi. Àǹtí ló ṣáájú, wọ́n di okùn mú tẹ̀lé e. Òkè omi pa dé lórí wọn bí aṣọ títa, ariwo ayé sì dákẹ́, ó wá ku kìkì èémí: fúùù, ó wọlé, gbolo-gbolo, ó jáde. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn ń jó lára okùn. Ẹja wẹ́wẹ́ kọjá lọ bí ọmọ iléèwé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀. Fún ìgbà díẹ̀ Ata-wéwé gbàgbé pé òun ní imú rárá.

Wọn ò tíì lọ jìn ju gíga ilé alájà kan lọ tí etí fi bẹ̀rẹ̀. Ó di imú mú, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i. Etí ọ̀tún là, pọ́ọ́. Tòsì kọ̀. Ó tún fẹ́ ẹ. Ó kọ̀ jálẹ̀. Ó dà bíi kí ẹnìkan máa fi abẹ́rẹ́ gbígbóná rọra wá ọ̀nà wọ inú orí rẹ̀, ìrora náà sì gòkè, ó wá dúró sí àárín ojú rẹ̀ méjèèjì.

Àǹtí wẹ̀yìn. Ó fi ìka méjì ṣe òrùka, àmì tí wọ́n fi ń béèrè lábẹ́ omi pé, ṣé dáadáa ni? Ata-wéwé náà ṣe òrùka padà: dáadáa ni. Ẹ ò rí nǹkan? Rọ́bà wà lẹ́nu ọmọ yìí gbọin, ó sì tún ráyè purọ́!

Àǹtí gbà á gbọ́, ó ń bá tiẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n Jẹ́jẹ́ kọjú sí i. Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Lábẹ́ omi, kò tún síbòmíràn tó wà. Ó rí ojú Ata-wéwé tó fún pọ̀ lẹ́yìn awò ojú. Ó rí ọwọ́ tó ń fún okùn títí eegun ìka fi yọ. Ló bá na ọwọ́ kan Àǹtí, ó tọ́ka sí àyà ara rẹ̀, ó gbé àtàǹpàkò sókè. Èmi ń gòkè.

Ata-wéwé ń mi orí: rárá, rárá! Jẹ́jẹ́ tún gbé àtàǹpàkò. Èmi.

Bí ọ̀kan bá ń gòkè, méjèèjì ń gòkè. Díẹ̀díẹ̀ ni Àǹtí mú wọn padà.

Nígbà tí orí wọn yọ, Jẹ́jẹ́ ní, "Mi ò lè lọ mọ́, Àǹtí."

"Ó dára," Àǹtí dáhùn. "Ó tán."

Ata-wéwé ṣí awò kúrò lójú. Omi tó wà nínú rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú. Ẹ̀jẹ̀ imú ni. Ó ta gìrì, ó rì í bọ òkun, ó ṣàn án kíákíá kí Àǹtí tó rí i. Àǹtí ì bá ti rí i, ṣùgbọ́n Jẹ́jẹ́ dúró lórí àtẹ̀gùn ọkọ̀, ó fi gbogbo ara dí i lójú, ó ń ṣe bí ẹni tí bàtà rẹ̀ há. Nígbà tí Ata-wéwé gbójú sókè, ojú wọn pàdé. Jẹ́jẹ́ ti rí i.

"Ẹ káàbọ̀ o!" Rédíò kígbe. "Ṣé ẹ gbàgbé nǹkan sílé ni?"

Ẹ̀rù tó ba Ata-wéwé nítorí ẹ̀jẹ̀ yẹn, inú bíbí ló fi í ṣe. Bí àwa èèyàn ṣe máa ń ṣe nìyẹn. "Ẹ bi ojo yìí!" ló pariwo. "Ẹ bi í kó sọ ohun tó rí!"

"A ò ní bi í," Àǹtí wí, ó sì wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ló lọ bá awakọ̀ níwájú.

Bó ṣe kúrò báyìí, ata bẹ̀rẹ̀ sí ta. "Ẹsẹ̀ ẹ̀ ń gbọ̀n bí ewé! Inú ife omi ló yẹ kó ti máa mòòkùn. Kí wọ́n fún un ní káàdì ilé ìwẹ̀!"

Àwọn ọkùnrin bú sẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá Òkè-Omi!" Rédíò sọ ọ́ lórúkọ. "Ọ̀gá Òkè-Omi, ẹ kú ewu gbígbẹ!"

"Ẹ má mú un sún mọ́ báàfù o," Gíga fi kún un, "kó má lọ gbé àtàǹpàkò sókè."

Irọ́ gbuu ni. Ẹsẹ̀ Jẹ́jẹ́ ò gbọ̀n nígbà kankan, ẹni tó sì pa irọ́ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Jẹ́jẹ́ ò jà, kò ṣàlàyé. Ó fi táwẹ́ẹ̀lì nu ojú rẹ̀. Ojú náà sì ti gbẹ tẹ́lẹ̀.

Wọ́n sinmi. Nígbà tó yá, Àǹtí padà wá bá wọn.

"Oòrùn ṣì ga, òkun ṣì dákẹ́," ó wí. "Ata-wéwé, mi ò ní jẹ́ kí tìẹ bọ́. Èmi fúnra mi ni máa ṣe ẹnìkejì ẹ. Múra. Jẹ́jẹ́, tìẹ á di ọdún mìíràn, ọmọ mi. Kò sí ìtìjú níbẹ̀."

Ẹ wá wo ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ gbayawu! Ohun tí Ata-wéwé ní láti ṣe ò ju kó panu mọ́. Ó dìde, ó tún òògùn fín sí imú ní kọ̀rọ̀. Gíga pè é láti apá òsì pé kó wá mú bàtà omi rẹ̀. Kò gbọ́ rárá, àfìgbà tí ọmọ náà gbá a léjìká. Ó fọwọ́ kan etí òsì. Síbẹ̀ ó de bẹ́líìtì.

Ìgbà náà ló gbúròó òjé lẹ́yìn rẹ̀. Jẹ́jẹ́ ti dìde. Òun náà ń de bẹ́líìtì tirẹ̀.

"Níbo?" Àǹtí béèrè.

"Mo fẹ́ bá yín lọ, Àǹtí. Tẹ́ ẹ bá gbà."

"Háà, ojo ti gbóyà!" Rédíò fò sókè. "Ṣé kó o tún lè lọ gòkè lẹ́ẹ̀kejì ni?"

"Tó bá gba kí n gòkè lẹ́ẹ̀kejì," Jẹ́jẹ́ dáhùn, "màá gòkè lẹ́ẹ̀kejì."

Rédíò ló dá lóhùn, ṣùgbọ́n Ata-wéwé ló ń wò.

Ata-wéwé tú ọwọ́ kúrò lára bẹ́líìtì. Ó yé e wàyí. Ọmọ yìí fẹ́ wọ omi lẹ́ẹ̀kan sí i kó lè tún jáde. Ó fẹ́ tún gba èébú, láti ẹnu kan náà, nítorí ẹni tó ń bú u. Ta sì ni olùkọ́ tó máa fún ẹni tó gòkè lẹ́ẹ̀mejì ní káàdì láéláé? Jẹ́jẹ́ mọ ìyẹn. Ó mọ̀ ọ́n, ó sì ń de bẹ́líìtì.

"Àǹtí," Ata-wéwé wí. "Mi ò lọ."

Àǹtí bẹ̀rẹ̀ sí í tú ìdè ẹ̀wù rẹ̀ fún un. "Ó dára," ó wí. "Ó tán."

Ó sì lè tán síbẹ̀ lóòótọ́. Òfin ọkọ̀ á bò ó, ẹnìkan ò ní bi í léèrè. Á gbé orúkọ rẹ̀ lọ sílé láìní àbàwọ́n, Jẹ́jẹ́ á gbé "ojo" tirẹ̀ lọ sílé, ayé á máa yí lọ. Ẹni tó ń fọ́nnu kiri yẹn, ó ti rí ibi sá sí.

"Ẹ ò bi mí," Ata-wéwé wí, "ṣùgbọ́n màá dáhùn."

Ó sọ gbogbo rẹ̀. Ó sọ ti ọ̀fìnkìn, ó sọ ti òògùn, ó sọ ti òrùka tó fi ìka ṣe. Ó sọ ti ẹ̀jẹ̀. "Kò sí ohun tó ń ba Jẹ́jẹ́ lẹ́rù. Èmi ló gbé gòkè. Ó ti ní kí n sọ fún yín kí n tó wọ omi, mo sì fi ìbárẹ́ wa halẹ̀ mọ́ ọn. Ẹsẹ̀ tí mo ní ó ń gbọ̀n yẹn, tèmi ló gbọ̀n."

Àǹtí ò pariwo. Ì bá sàn ká ní ó pariwo. Ó gba ìgò òògùn náà, ó ń yí i lọ́wọ́. "Ṣé o mọ ohun tí èyí ń ṣe? Ó ń ṣí ọ̀nà fún ìgbà díẹ̀ ni. Bó bá pin lára ẹ níbi tó jìn, ọ̀nà á dí mọ́ afẹ́fẹ́ nínú orí ẹ. Bó o bá wá ń gòkè, afẹ́fẹ́ yẹn á máa wú, kò sì ní ríbi jáde. Òòyì á kọ́ ẹ, o ò ní mọ òkè yàtọ̀ sísàlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ni ìyá ẹ. Ó ní, 'Àbúrò mi, ọmọ mi rèé o.' Ojú wo ni ǹ bá fi wò ó?" Ó yíjú sí òkun kó tó tún sọ̀rọ̀.

"Ìwọ náà, Jẹ́jẹ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Ṣùgbọ́n orí ọkọ̀ ló yẹ kó o ti sọ̀rọ̀, kì í ṣe inú omi."

"Ẹ má bínú, Àǹtí," Jẹ́jẹ́ wí. "Lórí ọkọ̀, mo rò ó pé bí mo bá sọ, kò ní bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Nígbà tá a dé inú omi, mo wá rò ó pé bí mi ò bá ṣe nǹkan, mi ò ní rí i bá sọ̀rọ̀."

Rédíò lanu. Ó pa á dé. Ó tún là á.

"Bátìrì ti tán," Gíga wí.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín púpọ̀, ṣùgbọ́n ó tú ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Àwọn méjèèjì lọ bẹ Jẹ́jẹ́. "Bú mi," Rédíò ń sọ. "Jọ̀ọ́, bú mi, kó lè tán nínú mi." Jẹ́jẹ́ ní òun á ronú sí èyí tó dára jù.

Àǹtí bi í bóyá ó ṣì fẹ́ lọ. Bó ṣe lọ nìyẹn, òun àti Àǹtí. Ata-wéwé ló fọwọ́ ara rẹ̀ yẹ okùn àti ìdè Jẹ́jẹ́ wò, ó ń pàṣẹ fún un bí ìyá ìyàwó: fa èyí, tú ìyẹn, dúró dáadáa. Lẹ́yìn náà ló wá tẹjú mọ́ ibi tí omi ti ń hó lókè orí wọn. Ká má purọ́, ó jowú. Ó jowú gan-an. Ṣùgbọ́n nígbà tí Jẹ́jẹ́ yọrí, tó ń rẹ́rìn-ín tí gbogbo eyín fi síta, òun ló kọ́kọ́ na ọwọ́ fà á sókè.

"Jẹ́jẹ́, o ṣeun," ó wí.

"Inú ṣì ń bí mi sí ẹ o," Jẹ́jẹ́ dáhùn.

"Mo mọ̀. O ṣeun síbẹ̀."

Nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀, dókítà yẹ etí òsì Ata-wéwé wò. Ó ní awọ inú rẹ̀ wú, ẹ̀jẹ̀ ti sé sí i, ṣùgbọ́n kò bẹ́. Ó ní ká ní ó tún padà wọlé lọ́jọ́ náà, bóyá ni etí òsì ì bá tún gbọ́ nǹkan mọ́ láyé. Ọ̀sẹ̀ lórí ọ̀sẹ̀ ni ọmọ náà fi ń yí orí sí èèyàn bí adìyẹ kó tó gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Káàdì bọ́. Ìyá rẹ̀ ní omi di ẹ̀yìn ìdánwò àṣejáde, kò sì sẹ́ni tó lè bá a jiyàn. Àmọ́ kó tó bá ọmọ rẹ̀ wí tán, ó ti múra, ó lọ sílé àwọn òbí Jẹ́jẹ́ lọ dúpẹ́. Ó ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ó di Jẹ́jẹ́ mú, kò fi í sílẹ̀ bọ̀rọ̀.

Iléèwé wọlé. Ṣé ẹ rántí pé kíláàsì ti gbọ́ ìfọ́nnu? Wọ́n ń dúró dè é. "Káàdì dà?" ni wọ́n fi kí i. Ata-wéwé dìde níwájú gbogbo wọn, ó ní òun ò ní káàdì, Jẹ́jẹ́ ló ní in, ó sì sọ ìdí rẹ̀ láìfi ọ̀kan pamọ́. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ díẹ̀. Ó jẹ́ kí wọ́n ṣe é. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí ibi tí Jẹ́jẹ́ jókòó sí, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sókè ketekete, kíláàsì sì pàtẹ́wọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ohun tí ara yín bá ń sọ fún yín, ẹ má bò ó mọ́lẹ̀ nítorí ìtìjú tàbí nítorí káàdì kankan. Ọdún mìíràn ń bọ̀, etí mìíràn ò sí lọ́jà. Ọ̀rẹ́ tó ń sọ pé "bẹ́ẹ̀ ni" sí gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá dáwọ́ lé, ó pọ̀ nígboro bí iyanrìn. Èyí tó lè gba èébú kí ẹ̀yin má bàa gba ikú, ó ṣọ̀wọ́n. Bí ẹ bá ní ọ̀kan, ẹ má fi ọpẹ́ rẹ̀ sí kọ̀rọ̀. Gbangba tí ẹ ti bú u, ibẹ̀ náà ni kí ẹ ti dúpẹ́.